Ẹni Tí Yóò Bá Ọmọ Ìyìn Du Bẹ́líìtì

Ìṣirò ni mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ nílé-ìwé girama, ní Ìyìn-Èkìtì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Adó. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ohun tí àwọn ọmọ mi rò ni pé n óò máa tọ́jú ọmọ-ọmọ, n óò sì máa kọrin nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Mo ń ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n lórí tábìlì tí mo ti ń jẹun, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ìpínlẹ̀ wa ló gba ìdajì ibẹ̀, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé abọ́ ọbẹ̀ sún mọ́ ọn.

Bàbá mi ló fà á. Tíṣà ni òun náà, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í gbóhùn sókè sí ọmọ ẹlòmíràn. Àmọ́ bí wọ́n bá ń sọ ìjà ẹ̀ṣẹ́ lórí rédíò, á dìde dúró láàárín pálọ̀, á máa ju ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ìyá mi á sì máa kó ife kúrò níwájú rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ló máa ń ní kí n bá òun ka iye ẹ̀ṣẹ́ tó bá bà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di irun.

Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa wá bẹ̀ mí pé ìwé àwọn ti dàrú, pé ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ja ìjà méjì lọ́jọ́ kan náà ní ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì borí níbi méjèèjì, n ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo gba ìwé náà, mo wọ gíláàsì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

Ọdún kẹta tí mo ti ń bá wọn ṣe é ni ọmọ Ìyìn gba bẹ́líìtì.

Bí mo ṣe ń pè é náà nìyẹn, ọmọ Ìyìn. Àgbẹ̀ ni, iṣu ló ń gbìn. Mo kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó wà ní kíláàsì kejì ní girama, ìdá kan nínú mẹ́ta kò sì yé e títí tó fi jáde. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti tóbi ju bẹ́ǹṣì lọ nígbà yẹn, ó sì níwà. Ó di ọkùnrin tán, ó ń kọ ebè láàárọ̀, ó ń gun ọ̀kadà wá sí Adó lọ́sàn-án láti kan ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tó yá, ó lọ sí Ìbàdàn, ó sì gba bẹ́líìtì hẹ́fíwéètì, ìyẹn ti àwọn tó wúwo jù lọ, fún gbogbo ìpínlẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn. Èkìtì kò gba irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tó dé, láti Adó títí dé Ìyìn ni ọ̀kadà tò sẹ́yìn ọkọ̀ tó gbé e, tí wọ́n ń fun fèrè.

Òfin bẹ́líìtì yẹn ni pé kí ọdún kan tó pé, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gbé e jáde kí ẹlòmíràn wá bá a du ú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbà á. Àwa tí a ni ọmọ la máa mú orúkọ ẹni tó máa bá a jà wá, àwọn ọ̀gá ní Ìbàdàn ló sì máa sọ bóyá ẹni náà tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n yàn sí i níbí. Èmi tí mo ń tọ́jú ìwé. Kóòṣì tó kọ́ ọmọ Ìyìn ní iṣẹ́. Àti ọkùnrin onísìmẹ́ńtì kan tó fẹ́ gbé ìjà náà kalẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ní àdúgbò Òkè-Ìlá ní Adó láti ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì rìn. Ó fẹ́ràn Adó débi pé, bó bá ń bínú, ó máa ń gbìyànjú láti fi ohùn Èkìtì bínú, gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín.

Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti kọ́kọ́ ṣèpàdé, a jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.

"Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀," onísìmẹ́ńtì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ohun tí ìlú ń fẹ́ ni ayọ̀. Ẹ wá ẹnì kan tó sanra dáadáa, tó máa dúró di ráúǹdì kẹta, kó wá ṣubú. Ká jó, ká lọ sílé."

Kóòṣì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kéré sí mi ní bí ọdún mẹ́wàá, èèyàn tín-ín-rín tí imú rẹ̀ ti yẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́. "Ẹ̀gbọ́n, èjìká ọmọ yẹn dùn ún lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Èmi náà ò fẹ́ ẹni tó le jù."

Mo ní, "Ta ló máa gbà á gbọ́?"

"Gba kí ni gbọ́, ma?" onísìmẹ́ńtì bi mí.

"Pé bẹ́líìtì náà tọ́ sí i. Bí a bá gbé ẹni tí kò lè jà síwájú rẹ̀, ẹni tó bá wò ó kò ní rántí pé ó borí. Ohun tó máa rántí ni pé àwa bẹ̀rù."

Wọ́n gbà. Kì í ṣe pé mo ti borí wọn. Tíṣà kóòṣì ni mo jẹ́ nígbà kan, n kò sì rò pé ó tíì gbàgbé. A pín iṣẹ́: wọn á mú orúkọ wá, èmi á yẹ̀ ẹ́ wò.

Orúkọ àkọ́kọ́ wá pẹ̀lú ìwé tó nípọn. Máníjà ọkùnrin náà ló fi ránṣẹ́ láti ìlú ńlá kan. Ìjà mẹ́rìnlá, kò pàdánù ọ̀kankan, àwòrán sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú onísìmẹ́ńtì dùn. Mo gbé àwọn àwòrán náà lọ sílé, mo tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni ń tẹ́ káàdì. Nínú gbogbo wọn, ọkùnrin tiwọn nàró, ó gbọ́wọ́ sókè, ẹnì kan sì nà gbalaja sílẹ̀. Mo wò wọ́n títí, nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu tí n kò lè dárúkọ. Ìgbà tí mo bu omi mu, tí mo padà jókòó, ni mo tó rí i. Ṣòkòtò. Ẹni tó nà sílẹ̀ nínú márùn-ún nínú àwòrán náà, ṣòkòtò aláwọ̀ ewé kan náà ló wọ̀, wọ́n fi aṣọ funfun lẹ̀ ẹ́ ní ìdí lápá òsì. Orúkọ márùn-ún ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ni.

Mo pe máníjà náà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ń wo àwòrán yín níbí. Ṣé ṣòkòtò kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn tí ọmọ yín lù jọ ń yá ara wọn wọ̀ ni?"

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mo fagi lé orúkọ náà.

Ti ẹnì kejì dùn mí. Ọkùnrin kan ni ní Àkúrẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Ní ìgbà tirẹ̀, bó bá ń bọ̀ nínú ríìngì, àwọn èèyàn á ti máa pariwo kó tó bọ́ aṣọ. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo mọ púpọ̀ nínú ìjà náà fúnra mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó jà kẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ onísìmẹ́ńtì, a lọ wò ó.

A bá a níbi tó ti ń lu àpò oníyanrìn tí wọ́n so rọ̀. Ẹ wo ẹ̀ṣẹ́! Àpò náà ń ké. Kóòṣì tẹ ẹsẹ̀ mi díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí le." Onísìmẹ́ńtì ti ń sọ irú ìwé ìpolówó tí òun máa lẹ̀ kiri àdúgbò Ajílosùn ní Adó.

Nígbà tó sinmi, mo na ike omi sí i. Ó nawọ́ láti gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún nà án, ó bà á. Ẹlòmíràn lè má fiyè sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ rí mọ ọmọ tí kò rí ojú pátákó tó sì ń ṣe bí ẹni pé ó ń rí i. Mo rọra rìn yí i ká títí mo fi dé apá òsì rẹ̀, mo dúró síbẹ̀, mo gbé ìka mẹ́ta sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Ó ń bá kóòṣì sọ̀rọ̀ lọ. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mo fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ta gìrì. Ó wò mí, ó wo ìka mi tó ṣì wà lókè, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Mọ́mì, ẹ ti rí i."

"Mo rí i. Ìgbà wo ló ti fọ́?"

"Ìjà tí mo jà kẹ́yìn ni. Èkejì ṣì dáa díẹ̀." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ sí i, mọ́mì. Àwọn ọmọ mi ò rí mi nínú ríìngì rí. Mo fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ mi lára ògiri."

Ọkùnrin tó tóbi bẹ́ẹ̀, ó ń bẹ̀ mí bí ọmọ tó fẹ́ kí n fi máàkì méjì kún ti òun. Mo ní, "Bí wọ́n bá rí orúkọ rẹ lára ògiri, tí ìwọ kò wá lè rí ojú wọn mọ́ ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ tó fi di ọwọ́. Ó tú u díẹ̀díẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi lé mi lọ́wọ́, bí ẹni ń dá ohun tó yá padà.

Nínú ọkọ̀, mo sọ ohun tí mo rí fún wọn títí a fi kọjá Ìkẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni onísìmẹ́ńtì ti pa rédíò. "Ma," ó ní, "mo ti ń ṣètò bí màá ṣe lẹ àwòrán ọkùnrin yẹn kiri. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fi ojú ọmọ ẹlòmíràn ná ọjà." Láti ọjọ́ yẹn, kò tún sọ̀rọ̀ ẹni tó máa ṣubú ní ráúǹdì kẹta mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló padà lọ gbé ọkùnrin náà lọ bá dókítà ojú. Ọ̀kan ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí èkejì dì mú. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ báyìí ní Àkúrẹ́, ó sì máa ń pè mí lọ́jọ́ ọdún.

Lẹ́yìn èyí, orúkọ kò sí mọ́. Ẹni tí a bá pè á ní òun kò ráyè, ẹni tó bá ráyè kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè mú jáde. Ó ku ọ̀sẹ̀ méje kí ọdún pé. Ní ọjọ́ kan mo lọ ra epo ní Ọjà Ọba, ìyá elépo mi sì ń rọ ọ́ sínú ike fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ ń wá ewúrẹ́ tí ẹ máa so mọ́lẹ̀ fún ọmọ Ìyìn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ọjà ni. Wọ́n ní kò sí èèyàn tó máa bá a jà mọ́, pé ewúrẹ́ ló kù."

Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń gba ike epo mi, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyìn, kí n lọ gbọ́ tẹnu ẹni tó ni bẹ́líìtì gan-an. Àwa mẹ́ta ti ń sáré kiri láti bí oṣù mélòó kan, kò sì sí ẹni tó bi í.

Ìyá rẹ̀ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ùrìn o, tíṣà! Ẹ wọ ulé. Uṣu ti wà lórí iná." Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ọdún mélòó ni mo fi ń sọ fún ọmọ yìí ní kíláàsì pé "ilé" ni kó kọ, "iṣu" ni kó kọ, tó jẹ́ pé èmi náà, bí mo bá délé bọ́ bàtà, "ulé" ni mo ń sọ.

Oko ni mo ti bá a, kò jìnnà sí ẹ̀yìn ilé. Ó ń kọ ebè. Ó fi ọkọ́ lélẹ̀ nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa náà gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, ó dìde, amọ̀ wà láyà rẹ̀.

Mo sọ ohun gbogbo fún un: ṣòkòtò aláwọ̀ ewé, ojú tó fọ́, ewúrẹ́ Ọjà Ọba. Ó gbọ́ mi títí.

"Ma, ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Ta ló lù mí ṣubú rí?"

"Nínú ìwé mi, kò sí."

"Nínú ìwé yín." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dé inú ìwé. Wẹ́dà ti lù mí ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo mọ wẹ́dà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Òkè-Ìlá? Ọmọ Ọ̀ffà ni, ó wá sí Adó wá kọ́ṣẹ́ irin jíjó, ó sì dúró. Láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, òun ni kóòṣì máa ń fi sí iwájú ọmọ Ìyìn bí wọ́n bá ń gbára dì fún ìjà, kí ọmọ Ìyìn lè rí ẹni dán ọwọ́ wò lára. Òun ló máa ń di omi mú, òun ló máa ń so ìbọ̀wọ́ fún un. Nígbà tí bẹ́líìtì dé láti Ìbàdàn, òun ló rù ú. A ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí i mọ́.

"Kóòṣì kò sọ fún mi," ni mo wí.

"Kò ní sọ. Ó ní kí àwọn èèyàn má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n, ma, bí mo bá lọ lu ẹni tí mo ti mọ̀ pé kò lè lù mí, kí ni mo lù? Ẹ mú wẹ́dà wá."

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni."

"Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú un wá nìyẹn. Kò ní fi ta mí lọ́rẹ."

Nígbà tí mo padà dé, mo ṣí ìwé mi. Ìjà mẹ́fà ni wẹ́dà ti jà ní gbangba, ó borí nínú márùn-ún. Mo pe gbogbo àwọn márààrún tó lù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn gidi ni gbogbo wọn, tí ń jẹ́ orúkọ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú, kígbe lórí fóònù pé, "Ẹ̀yin ìyá yìí, kí ló dé tí ẹ tún ń rán mi létí ọwọ́ yẹn?" Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Onísìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ fárígá. "Wẹ́dà? Wẹ́dà tó ṣe géètì mi? Ma, ta ló máa kúrò nílé láti wá wo ẹni tó ń bá a tún wíńdò ṣe?" Ti kóòṣì le ju ìyẹn lọ. Ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

"Èmi ni mo kọ́ àwọn méjèèjì. Igun wo ni kí n dúró sí? Ṣé kí n la ara mi sí méjì ni?"

"Má dúró sí igun kankan," mo dá a lóhùn. "Wá jókòó tì mí."

Ó yíjú padà sí wa. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọmọ yẹn ti gbàgbé ọ̀kan." Bó ṣe gbà nìyẹn.

Ẹni tí n kò rò pé ó máa kọ̀ ló wá kọ̀. Èmi ni wọ́n rán sí wẹ́dà, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níbi tó ti ń jó ilẹ̀kùn irin. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ó gbọ́ mi tán, ó sì mi orí.

"Mi ò lè ṣe é, ma. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọjọ́ tí ìyàwó mi fẹ́ bímọ, òun ló gbé e lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà. Kí n wá dúró níwájú gbogbo Adó kí n máa lù ú lẹ́nu?"

Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gúsí lára èèpo lórí àga kékeré kan, ọmọ náà sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ kì í lu ara yín lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ni? Ojoojúmọ́ lo ń délé pẹ̀lú ètè wíwú. Mo ní kí ló ṣe ọ́, o ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn máa wò yín ló wá di èèwọ̀?"

"Kò yé ọ ni."

"Ó yé mi. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé o máa borí."

Wẹ́dà wò ó, ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kejì kò tíì pé tó fi wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti lọ sí Ìyìn, ó ti bá ọmọ Ìyìn jókòó. Ohun tí wọ́n jọ sọ, kò sọ fún mi, n kò sì bi í. Ó kàn ní, "Ma, ẹ kọ orúkọ mi." Mo kọ ọ́, mo fi ẹ̀rí ìjà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tì í lẹ́yìn, mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Èsì dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé wọ́n gbà.

Ọ̀sán Sátidé ni ìjà náà, nínú gbọ̀ngàn kan ní Adó tí wọ́n ti máa ń ṣe ìpàdé ńlá. Onísìmẹ́ńtì ti ń bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni kò ní wá. Àwọn tó wá kọjá àga. Gbogbo Òkè-Ìlá ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tí wẹ́dà ti jó irin fún rí, àwọn ọmọ Ọ̀ffà láti Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé, Ìyìn sì kó bọ́ọ̀sì mẹ́fà wá. Ìyá elépo mi wà ní ìlà kejì, ó de gèlè tó ga. Kóòṣì jókòó tì mí, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún, bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Ráúǹdì mẹ́wàá ni. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ Ìyìn ló ń lé wẹ́dà kiri, àwọn ará Ìyìn sì ń kọrin. Mo rò pé a ti ṣìṣe. Mo rò pé ìfẹ́ ló ń dá ọwọ́ ọmọ náà dúró. Ní ìkẹrin, ọmọ Ìyìn sọ ọwọ́ òsì kalẹ̀ díẹ̀, n kò mọ̀ bóyá èjìká yẹn ló ń dùn ún, ọwọ́ ọ̀tún wẹ́dà sì wọlé. Kò pariwo. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ọmọ Ìyìn jókòó sílẹ̀.

Rẹfirí ń kà. Mo ń kà pẹ̀lú rẹ̀, ẹnu mi ń mì bí ìgbà tí mo wà ní pálọ̀ bàbá mi. Ní ẹẹ́fà, ọmọ Ìyìn fi orúnkún kan gbé ara. Ní ẹẹ́jọ, ó ti nàró. Mo wo ojú wẹ́dà ní igun tó wà, mo sì rí i pé ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Rẹfirí ní kí wọ́n máa jà lọ, wẹ́dà kò sì ṣàánú rẹ̀ rárá.

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ráúǹdì tí ẹni yìí bá gbà, ẹni yẹn á gba èyí tó tẹ̀ lé e. Ọmọ Ìyìn kọjú sí ikùn rẹ̀, ó ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà ṣáá, bí ẹni ń kọ ebè, kò yára, kò sì dúró. Nígbà tó di ìkẹjọ, ẹsẹ̀ wẹ́dà ti wúwo. Nínú ìkẹwàá, kò sí ẹni tó jókòó mọ́ nínú gbọ̀ngàn náà. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, kóòṣì dìde, ó ń sunkún, ó sì ń pariwo, "Gbé ọwọ́ sókè! Gbé ọwọ́ sókè!" N kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún nínú àwọn méjèèjì. N kò rò pé òun náà mọ̀.

Adájọ́ méjì fún ọmọ Ìyìn, ẹ̀kẹta fún wẹ́dà. Bẹ́líìtì kò kúrò ní Ìyìn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kéde tán, ọmọ Ìyìn ti di wẹ́dà mú ní ìbàdí, ó gbé e sókè, tòun ti wíwúwo rẹ̀, ó sì gbé e yí ríìngì ká. Ariwo tó sọ nígbà yẹn ju ti ẹni tó borí lọ. Ìyá elépo mi yíjú padà sí mi láti ìlà kejì, ó nawọ́ sí wẹ́dà, ó pariwo kí n lè gbọ́, "Tíṣà! Èyí kì í ṣe ewúrẹ́ o!"

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo wà ní ẹ̀yìnkùlé mi, mo ti se iṣu, mo ti gbé odó kalẹ̀, mo ń ronú èjìká mi tó ti dàgbà. Mo gbọ́ ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ló wá kí mi, lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ojú òsì ọmọ Ìyìn ti wú pa. Wẹ́dà kò lè nàró dáadáa, ó di ìhà rẹ̀ mú. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kérora, mo ní kí wọ́n dìde kí wọ́n má kú mọ́ mi lọ́wọ́.

"Ma, ẹ gbé ọmọ odó yẹn wá," ọmọ Ìyìn ló wí bẹ́ẹ̀.

"Pẹ̀lú èjìká wo?"

"Èyí tó kù."

Wẹ́dà náà wá ọmọ odó kejì nínú ilé ìdáná mi. Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ odó náà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan gún, èkejì gún, wọn kò kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aládùúgbò mi yọjú lókè ògiri láti wo ohun tó ń mi ilẹ̀, ó rí wọn, ẹnu rẹ̀ sì wà ní lílà síbẹ̀. Mo ti gún iyán, mo sì ti jẹ iyán láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. N kò rí èyí tó kúnná tó bẹ́ẹ̀ rí. A jọ jẹ ẹ́, àwa mẹ́ta, nínú òjìji ògiri, wẹ́dà sì ní kí n bu díẹ̀ sí i.